Kọ̀ǹpútà Géèmù: Ẹ Wo Nọ́ńbà, Ẹ Má Wo Iná

Láti ìgbà tí àwọn ará kíláàsì mi ti gbọ́ pé kọ̀ǹpútà wọ ilé wa, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Èló lẹ rà á? Ṣé ó lè gbé GTA?" Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sára ògiri yìí kí gbogbo wa jọ kà á lẹ́ẹ̀kan.

₦300,000 ni gbogbo owó tí a ní, kò sì sí kọ́bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Owó àjọ tí Mọ́mì kó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi fi díẹ̀ sí i, èmi náà fi èyí tí mo rí nígbà ọlidé kún un. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni àjọ yẹn ń kan Mọ́mì. Tí a bá fi ra ohun tí kò dáa, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Dádì ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ géèmù. Wọ́n ní, "Àǹtí rẹ fẹ́ ṣe JAMB, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Bí ẹ̀rọ yẹn ò bá ní wúlò fún un, ẹ má gbé e wọlé mi." Ẹ̀rọ kan ṣoṣo wá gbọ́dọ̀ sin èèyàn mẹ́ta: Àǹtí mi tó ń múra ìdánwò, Bọ̀ọ̀dá mi tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ design, àti èmi tí mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí PES.

Desktop la pinnu láti rà, kì í ṣe laptop. Iye owó kan náà máa ń ra desktop tó lágbára ju laptop lọ. Tó bá yá, èèyàn lè fi RAM kún desktop, ó sì lè fi graphics card sí i. Ọ̀pọ̀ laptop kò gba irú ìyẹn. Àléébù desktop kan ni pé kò ní bátìrì, màá dé ibẹ̀.

Èmi àti Bọ̀ọ̀dá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan jáde. Gíláàsì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iná pupa àti búlúù ń tàn nínú rẹ̀ bí ilé ayẹyẹ. "Core i7 ni, gaming PC ni!" Gbogbo owó wa pátá ni wọ́n dá lé e. Ojú Bọ̀ọ̀dá ti wọ ọ́. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n ní nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i7 yẹn." Ó jẹ́ 2600.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Nínú i7-2600, 2 tó ṣáájú ń sọ pé ìran kejì ni, ọdún 2011 ló jáde, ọpọlọ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní core ló wà nínú rẹ̀. Nínú i5-8500, 8 ń sọ pé ìran kẹjọ ni, ọdún 2018 ló jáde, core mẹ́fà ló ní. Láti ìran kẹjọ ni Microsoft sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ka processor Intel mọ́ àwọn tó lè gba Windows 11. Ní ti Windows 10, wọ́n ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní October 14, 2025. Ọlọ́jà yẹn ò parọ́ o, i7 ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ní àkọ́bí lòun kò tíì sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún ẹ.

Ohun tí a wá lọ ni tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì: Dell OptiPlex, HP EliteDesk tàbí Lenovo ThinkCentre. Dúdú ni wọ́n, wọn ò lẹ́wà, ṣùgbọ́n wọ́n lágbára. Oríṣi àpótí méjì ló wọ́pọ̀, ńlá àti pẹlẹbẹ. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ràn pẹlẹbẹ torí kì í gba àyè. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká mú ńlá, torí graphics card kúkurú nìkan ló ń wọ pẹlẹbẹ.

Ọ̀rọ̀ power supply náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ ọ́fíìsì yìí ló ní wáyà tiwọn, èèyàn ò lè kàn fi power supply ọjà pààrọ̀ rẹ̀. Torí náà, card tí kò béèrè wáyà tirẹ̀ ló yẹ ká máa wò. Ojú ihò tí a ń ki card bọ̀ lè fún un ní iná tó tó 75 watts. GT 1030 ń lo 30, kí ẹ ṣáà wá èyí tó jẹ́ GDDR5, torí DDR4 rẹ̀ lọ́ra. GTX 1650 ń lo 75, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú rẹ̀ ṣì ń béèrè wáyà, ẹ yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa.

OptiPlex ńlá la rà, i5-8500, pẹ̀lú SSD. RAM 4GB méjì ni mo ní kí wọ́n fi sí i dípò 8GB kan. Graphics tó wà nínú processor, UHD 630, máa ń yá RAM lò, ọ̀nà méjì sì yá ju ẹyọ kan lọ. Kí a tó sanwó, a ní kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n tàn án, a fi géèmù sílẹ̀ lórí rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a sì gba rìsíìtì tí wọ́n kọ wáráńtì sí.

Owó tó ṣẹ́ kù la fi ra monitor tòkunbọ̀ àti UPS. UPS kì í ṣe kí ẹ lè máa gbá bọ́ọ̀lù nínú òkùnkùn o. Bí NEPA bá mú iná, ó ń fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi iṣẹ́ yín pamọ́, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà bó ṣe yẹ.

Ìdáhùn mi rèé: PES 2017 ń ṣiṣẹ́ dáadáa, GTA San Andreas náà ń ṣiṣẹ́. GTA V ń rìn tí ẹ bá fa graphics rẹ̀ wálẹ̀. Graphics card dúró di ẹ̀yìn JAMB Àǹtí mi, òfin Dádì nìyẹn. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà lójoojúmọ́, tiwọn ni ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá ń gbèrò àtirà, kó kọ nọ́ńbà processor rẹ̀ sórí ìwé, kó wá bá mi ní SS2 B nígbà ọlidé kékeré. A ó jọ kà á. Kó tó fowó ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ni kó wá o, kó má jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀.