Àwa Tí A Yí Àńtẹ́nà

Ẹ jẹ́ kí àwa tí wọ́n bí ní Òkè-Ògùn láàrin 1970 sí 1985 dá sí ọ̀rọ̀ owó tẹlifíṣọ̀n yìí, torí ó kàn wá ju bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ wa ń jiyàn pé ṣé ó yẹ kéèyàn sanwó fún iléeṣẹ́ díkódà kó tó lè wo tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Àwọn kan ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé ọ̀fẹ́ ti tán láyé. Wọn ò mọ̀ pé a ti san owó náà kí wọ́n tó bí wọn.

Owó orí àwọn bàbá wa la fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV gbéra n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959, láyé Awólọ́wọ̀, tí Aníkẹ́ Agbájé-Williams yọjú lójú tẹlifíṣọ̀n, àgbẹ̀ kòkó nìkan kọ́ ló ń sanwó orí ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àgbẹ̀ tábà Ìṣẹ́yìn ń san, ahunṣọ òfì ń san, àgbẹ̀ iṣu Ṣakí náà ń san. Ìgbà tí Bọ́lá Ìgè jẹ gómìnà tí tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀, TSOS, tún dé, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí BCOS lónìí, àpò kan náà ni owó ti jáde. Ṣùgbọ́n àwòrán tí a fowó wa rà, a kì í rí i bọ̀rọ̀. Ìgbì tẹlifíṣọ̀n kì í yà fún òkè. Ọ̀nà tààrà ló ń tọ̀, bó bá ti kan àpáta, ó parí. Ẹni tó bá ti gba Adó-Àwáyè kọjá rí mọ irú òkè tí à ń wí.

Ìdí nìyí tí pólù fi pọ̀ nílùú wa. Ẹni tó lówó á ra páìpù irin, á ní kí wẹ́dà jó o pọ̀ kó lè ga. Ẹni tí kò lówó á gé ọparun gbọọrọ. Àńtẹ́nà á wà lókè, wáyà á gba ojú fèrèsé wọlé, bọ́sítà á wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ni yóò dúró nídìí pólù tí yóò máa yí i, àbúrò á wà lẹ́nu fèrèsé, Bàbá á jókòó sí pálọ̀.

"Ṣé ó ti mọ́?"

"Bàbá ní ó ku díẹ̀!"

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó mọ́! Bàbá ní o ò gbọdọ̀ yí i mọ́ o! Háà, ó tún ti lọ."

Bó bá wá jẹ́ pé Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí àwòrán sì ń mì, ẹni tó wà nídìí pólù kò ní lè fọwọ́ kúrò. Ẹ̀rín àwọn ará ilé nìkan ni yóò máa gbọ́ níta. Iná ìjọba ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Bátìrì mọ́tò la fi ń wo tẹlifíṣọ̀n dúdú-òun-funfun. Orí kẹ̀kẹ́ la ti ń gbé e lọ ṣájì, omi ásíìdì inú rẹ̀ sì dá ihò sí ṣòkòtò iléèwé ọ̀pọ̀ nínú wa.

Nígbà tí díkódà dé, tí NTA àti àwọn StarTimes ilẹ̀ Ṣáínà da òwò pọ̀, tí GOtv tẹ̀ lé e ní 2011, a rò pé ìyà ti tán. Bọ́ọ̀lù ló fà á fún àwọn kan. Fún àwọn ìyá wa, ìròyìn Ìbàdàn àti fíìmù Yorùbá ni. Ìgbà tí sọ́bù, ìyẹn owó oṣooṣù, kọ́kọ́ tán la tó mọ ohun tí a rà. Nínú ilé kan báyìí n'Ìṣẹ́yìn, Ìyá Àgbà ti jókòó, wọ́n ń retí ìròyìn ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ló yọ gàdàgbà lójú tẹlifíṣọ̀n, pé kí a lọ sanwó.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," Ìyá Àgbà ní, "ṣé gómìnà ló ní kí wọ́n máa bá òun ta ọ̀rọ̀ òun ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ lásán o. Sátẹ́láìtì ń ná owó, kì í sì í ṣe òní làwọn èèyàn ti ń sanwó kí ohùn tó wọlé. Àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1935, tó dé Ìbàdàn ní 1939, owó oṣooṣù ni wọ́n ń san lé e. Ní 2025, £174.50 ni àwọn ọmọ ìyá wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù san lọ́dún fún láìsẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n BBC tó ń ṣe ètò ni owó náà ń lọ bá, kò sí alágbàtà tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Amẹ́ríkà ló gbé tiwọn gba ibòmíràn. Òfin 1992 jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n ìlú lè béèrè owó lọ́wọ́ oníkébù, oníkébù sì kó o lé òǹwòran lórí. Nígbà tí iléeṣẹ́ Aereo wá ń fi àńtẹ́nà kéékèèké gba àwòrán fún àwọn èèyàn, tó ń fi í ránṣẹ́ sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò bófin mu, ní oṣù Kẹfà 2014. Àwa tí a ti yí àńtẹ́nà fún odidi àdúgbò rí, àánú Aereo ṣe wá.

Òfin tiwa náà tún ń bẹ. Ìwé òfin 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti máa gba owó láìsẹ́ǹsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Mẹ́wàá ni ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Òkè-Ògùn. Bí wọ́n bá jí lọ́la pé àwọn fẹ́ gba tiwọn, tí oní-díkódà ń gba tirẹ̀, tí owó orí sì ń lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta la ó sanwó tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo.

Ètò FreeTV tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní 2016 la fara mọ́. Èèyàn á ra àpótí lẹ́ẹ̀kan, kò ní san owó oṣooṣù. ₦1,500 ni wọ́n ṣètò pé kó máa san lọ́dún. Ìlọrin rí i gbà ní 2017, Òṣogbo ní 2018, Èkó ní 2021. Ìpínlẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n ti gbéra, tó fi í yangàn fún gbogbo Áfíríkà, kò sí lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Ẹ gbé e dé Kíṣí, Ìgbòho, Òkehò àti Ìgànnà, a ó san ₦1,500 náà láìjanpata.

Kí ó tó dé, ẹ̀bẹ̀ wa sí àjọ NBC tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n àti ìjọba Ọ̀yọ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè wá fún wa, kó gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé bí sọ́bù bá tán, BCOS àti NTA kò gbọdọ̀ bá a tán. A ti san tiwọn.