Iṣẹ́ Ọwọ́ Tó Ti Bọ́mà Dé

Ará Ìbàdàn tó bá ń gba Mọ́kọ́lá kọjá mọ Letmauk Barracks. Ní Èkó, Arakan Barracks wà ní Àpápá, Dodan Barracks sì wà ní Ìkòyí. Ojú ogun ilẹ̀ Bọ́mà ni wọ́n ti mú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bá Japan jà lábẹ́ àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi dùn pé a kò jẹ́ kí orúkọ ibẹ̀ parun. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí a bá ń ka ohun tí ogun Hítílà fi lé wa lọ́wọ́, a máa ń dárúkọ àmì-ẹ̀yẹ, a máa ń dárúkọ òṣèlú, a sì máa ń gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́. Èmi kò lè gbàgbé rẹ̀, nítorí iṣẹ́ náà ni wọ́n fi bọ́ mi dàgbà.

Bàbá mi kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Sọ́jà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Bàbá Sọ́jà. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń jẹ́ sípánà ni wọ́n ti mọ ẹwìrì àti ọmọ owú. Wọ́n kàwé díẹ̀, wọ́n sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ló gbé wọn dé ìdí ọkọ̀ nígbà tí wọ́n wọṣẹ́ ológun. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n gbé ìbọn lé lọ́wọ́, ọmọ Òkè Ọya ni wọ́n. Àwọn ọmọ gúúsù tó ti jókòó ní kíláàsì ni wọ́n sábà ń yàn fún iṣẹ́ tó gba ìwé kíkà: iṣẹ́ akọ̀wé, ìtọ́jú aláìsàn, ọkọ̀ wíwà àti àtúnṣe ẹ́ńjìnnì.

Ọdún 1943 ni Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì sílẹ̀, Dífíṣọ̀n 81 àti Dífíṣọ̀n 82, láti inú àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ Bọ́mà. Àfonífojì odò Kaladan tí wọ́n rán Dífíṣọ̀n 81 lọ kò ní ọ̀nà ọkọ̀. Àwọn ọmọ ogun náà ló fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà jíípù tó tó nǹkan bíi máìlì 75, láti Chiringa gba orí òkè dé òkè, kí wọ́n tó dé àfonífojì náà níbẹ̀rẹ̀ 1944. Níbi tí jíípù kò lè dé, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfúrufú sì ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀nà jíípù yìí ni ọ̀rọ̀ Bàbá Sọ́jà sábà máa ń já sí. Láwọn ibì kan ní Arakan, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún sún mọ́ 5,000 mílímítà, bí ìlọ́po mẹ́rin èyí tó ń rọ̀ n'Ìbàdàn. Jíípù á wọ odò, omi á wọ ibi tí iná ti ń pín lọ sára pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ́ńjìnnì á kú. Mẹkáníìkì á bọ́ sínú omi, á ṣí ìdérí rẹ̀, á fi aṣọ gbígbẹ tó kì sínú agolo nu gbogbo rẹ̀. Omi kan náà á ti fọ gírísì kúrò nínú bẹ́ríìnì. Bí wọn kò bá tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n fi gírísì tuntun sí i, kò ní pẹ́ tí bẹ́ríìnì á fi jẹ. Ẹrẹ̀ á wọ bíréèkì, sípíríǹgì á ṣẹ́ lórí òkúta. Ohun èlò tuntun kì í tètè dé, nítorí náà ọkọ̀ tó bá ti kọjá àtúnṣe ni wọ́n ń tú palẹ̀ láti fi gba èyí tó kù là.

Bàbá kì í ròyìn ìjà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún àwa ọmọdé ni pé jíípù yẹn ló ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà. “Tí ọkọ̀ bá kú lọ́nà,” ni wọ́n á wí, “ẹni tó sùn sẹ́yìn rẹ̀ lè bá a kú.” Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń yẹ ọ́ìlì wò, wọ́n ń yẹ omi rédíétọ̀ wò, wọ́n ń fọwọ́ kan bẹ́líìtì, wọ́n ń dé nọ́ọ̀tì tó bá ti ń tú, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n ṣe sínú ìwé ọkọ̀. Mo gbà pé èyí ló níye lórí jù nínú ohun tí àwọn mẹkáníìkì wọ̀nyẹn gbé bọ̀. Àgbẹ̀dẹ ti kọ́ Bàbá ní ìwà irin. Iṣẹ́ ológun fi ètò kún un.

Ogun parí lóṣù kẹjọ 1945, ṣùgbọ́n ó di 1946 kí púpọ̀ nínú wọn tó rí ọkọ̀ ojú omi wálé. Ilé kò rí bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ọjà ti wọ́n gógó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti yanṣẹ́ lódì káàkiri Nàìjíríà ní 1945 nítorí owó oṣù tí kò tó jẹun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun àtijọ́ wáṣẹ́ títí. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 1948, àwọn ẹgbẹ́ wọn ń wọ́de lọ sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn fún gómìnà nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá kan yìnbọn. Mẹ́ta ló kú: Sergeant Adjetey, Corporal Attipoe àti Private Odartey Lamptey. Kò sí ẹni tó máa ka ìtàn òmìnira Ghana tí kò ní kan orúkọ mẹ́ta yìí.

Bàbá Sọ́jà ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan. Ìwé tí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun sọ pé mẹkáníìkì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ fífọ̀ ni wọ́n fi wọ́n sí, owó tí wọ́n sì ń gbà kò tó ti ẹni tí kò mọ̀ tó wọn. Wọ́n fara dà á díẹ̀. Nígbà tó sú wọn, wọ́n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ri òpó lẹ́bàá títì, wọ́n kan páànù lé e lórí.

Àsìkò náà bá wọn mu. Owó kòkó ń gòkè lẹ́yìn ogun, ẹrù sì ń ti Oǹdó, Ifẹ̀ àti Iléṣà wá sí Ìbàdàn, kó tó forí lé èbúté Èkó. Bedford àti Austin ń dé láìní ara, àwọn káfíńtà wa ń fi pákó kan ara fún wọn, wọ́n ń di bọ̀lẹ̀kájà. Ọ̀nà kò dára, ẹrù ń wúwo. Bí sípíríǹgì bá ṣẹ́, tí tuntun kò sì sí lọ́jà, Bàbá á gbé e lọ sí àgbẹ̀dẹ bàbá wọn, wọ́n á rọ òmíràn nínú iná, wọ́n á rì í bọ epo kó le. Lọ́jọ́ kejì, kòkó ti gbéra.

Lẹ́yìn ìwé mẹ́fà ni wọ́n mú bàbá mi lọ síbẹ̀. Wọ́n kọ ìwé àdéhùn, bàbá àgbà mi sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Fún ìgbà pípẹ́, kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń fọ irin, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá á na ọwọ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi sípánà tó bá nọ́ọ̀tì mu lé e lọ́wọ́. Ìyẹn kò rọrùn, nítorí ìwọ̀n nọ́ọ̀tì ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí ti jíípù Amẹ́ríkà, ti Faransé tó dé lẹ́yìn náà tún yàtọ̀. Wọ́n kọ́ bàbá mi láti fi ẹnu sukudiráfà kan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi ìdí rẹ̀ kan etí, kí wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí ariwo ti ń jáde. Ìwé ńlá kan sì wà lórí tábìlì níbi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tó wá àti ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Lẹ́yìn 1970, Datsun àti Toyota gba títì wa. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo bi Bàbá Sọ́jà bóyá kò ká wọn lára pé ọkọ̀ àwọn tí wọ́n bá jà ni wọ́n ń tún ṣe. Wọn kò bínú sí mi. Wọ́n ní, “Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ làwọn náà, bí wọ́n ṣe rán mi. Wo ẹ́ńjìnnì yìí: ẹni tó ṣe é fara balẹ̀ ṣe é.” Mo ti dàgbà kí n tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti jìn tó. Ọkùnrin tó ti gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí lórí ọ̀nà Kaladan ló ń fi ọ̀wọ̀ wọ ẹni tó wà lódìkejì, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára. Ibi tí iṣẹ́ lè gbé ènìyàn dé nìyẹn.

Nítorí ogun tirẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ wọn, mi ò sì ní dúpẹ́ fún ogun láéláé. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè fi ìmọ̀ náà mọ sára, kí wọ́n sì máa dá jẹ ẹ́. Wọ́n pín in fún ọmọ ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n gbàdúrà fún wọn lọ́jọ́ ìgbòmìnira, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé, tó ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nínú ogun náà, fara gbọgbẹ́ ní Kaladan ní 1944. Àwọn ará abúlé fi í pamọ́ fún oṣù púpọ̀, ó yè, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé yẹn la fi mọ̀ ọ́n. Àwọn mẹkáníìkì kò kọ irú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ní ni èyí tí ọ́ìlì ti rin gbingbin, tí ikán sì ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bàbá mi àti èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Sọ́jà tí wọ́n ṣì rántí, àti orúkọ àwọn tí àwọn náà kọ́. Mo bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ìwé kan wá sí ìpàdé yín. Ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà wá àrùn ọkọ̀ lónìí, kó bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè ta ló kọ́ ọ, ta ló sì kọ́ ẹni yẹn. Ẹ kọ ìlú rẹ̀, ẹ kọ irú ọkọ̀ tó mọ̀ jù. Ẹ kọ ọ́ nísinsìnyí, nígbà tí ẹni tó lè jẹ́rìí sí i ṣì wà láàyè.