Ìpara-ẹni-mọ́ Nìkan Kọ́ Ni Ìfẹ́

Bí alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì bá ti lẹ́ ní Tanke, ní ìlú Ìlọrin, ojú ọ̀nà tó ti Tipper Garage gba Òkè-Odò lọ sí Yunifásítì Ìlọrin kì í tètè dákẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí ìṣọ́ òru yóò máa kọjá pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ abíyá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà, àwọn òbí wọn wà ní ìlú tó jìnnà, kò sì sí àgbàlagbà tí yóò béèrè ẹni tó wọlé tàbí ẹni tó jáde. Abájọ tí ìwàásù lórí ìpara-ẹni-mọ́ kì í fi í wọ́n ní àwọn ilé ìjọsìn àdúgbò náà.

Ìwàásù náà dára, àmọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá ló sábà máa ń parí sí. Ọ̀dọ́kùnrin kan lè gbọ́ ọ, kí ó pa á mọ́ láìyẹsẹ̀, kí ó má fọwọ́ kan ẹni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nínú ọdún mẹ́ta náà, ìkòkò ọmọbìnrin yìí ló ń jẹun, òun ló ń bá a fọṣọ, òun ló ń bá a da ìwé kọ nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ dé láti Èkó, ọ̀dọ́kùnrin gbàdúrà ọjọ́ mẹ́ta, ó sì wá jíṣẹ́ pé Ọlọ́run kò fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ó ṣe àgbèrè. Ǹjẹ́ ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Yorùbá ti mọyì ìpara-ẹni-mọ́ kí ìhìnrere tó dé. Bí ọkọ bá bá ìyàwó tuntun nílé, agbè ẹmu kíkún tàbí páálí ìṣáná kíkún ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí ìyàwó. Bí kò bá bá a nílé, ààbọ̀ ni wọn yóò rí gbà, ìtìjú á sì bo gbogbo agboolé. Àṣà náà ní iyì, àmọ́ iyì ìdílé ló ń ṣọ́, ọmọbìnrin nìkan ló sì ń dá lẹ́jọ́. Ta ló béèrè ibi tí ọkọ ti ń bọ̀? Ẹ̀kọ́ Kírísítì kò fún ọkùnrin ní àyè yẹn. Ohun kan náà ló béèrè lọ́wọ́ takọtabo, ó sì tún béèrè ohun tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ẹni tó fẹ́ràn ẹnì kejì wá ire ẹni náà, bí òun kò tilẹ̀ ní rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò mú ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni a fi ń sọ pé ènìyàn fẹ́ omi, ó fẹ́ owó, ó sì fẹ́ ìyàwó. Àwọn Gíríìkì ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ìfẹ́ tó ń wá tirẹ̀ àti èyí tó ń fi ara rẹ̀ fúnni. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ìfẹ́ ni ó wà nínú Orin Sólómọ́nì, ìfẹ́ náà ló sì wà nínú orí kẹtàlá ìwé Kọ́ríńtì kìíní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, ìwà ni yóò wò.

Ìwà yẹn kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ yìí. Fadá Jean-Marie Coquard, ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ àìgbéyàwó gẹ́gẹ́ bí àwọn àlùfáà Àgùdà yòókù, dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1895. Ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Lantoro ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ní apá Calabar, Mary Slessor, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ láti kékeré, ń gba àwọn ìbejì tí wọ́n gbé jù sínú igbó là. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún nígbà tí òun àti olùkọ́ kan, Charles Morrison, ṣàdéhùn ìgbéyàwó. Ọdún méjìdínlógún ni Slessor fi ju ọkùnrin náà lọ. Slessor ní kí Morrison wá bá òun ní Òkóyọ̀ǹ, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìjọ kò gbà. Kò fi àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn náà ṣe tú. Kò fẹ́ ẹlòmíràn títí ó fi kú ní 1915.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìgbéyàwó nìkan ni ọ̀nà, tọkọtaya ni David àti Anna Hinderer tó dé Ìbàdàn ní 1853. Anna kò bímọ kankan. Ní Kúdẹtì tí wọ́n ń gbé, àwọn ọmọ ìlú kún inú ilé rẹ̀. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ fa tirẹ̀ méjì kalẹ̀, Akínyẹlé àti Yéjídé. Ìyá ni àwọn ọmọ ń pè é. Òyìnbó wọ̀nyí kò ṣàìní àléébù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn míṣọ́nnárì ló fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí wọn kò mọ̀ nínú àṣà Yorùbá. Síbẹ̀, ìgbà ìpọ́njú ni a fi ń mọ ẹni tó fẹ́ni.

Ìpọ́njú dé ní 1860, nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí mọ́ ará Ìbàdàn, owó àti ẹrù láti Èkó kò sì lè wọlé mọ́. Owó ẹyọ tán. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹrù ilé wọn díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ọmọ lè jẹun. Àìsàn ń ṣe wọ́n léraléra, oúnjẹ kò tó, wọn kò sì lé ọmọ kankan padà sílé bàbá rẹ̀ pé kí ó lọ wá ẹni tí yóò bọ́ ọ.

Ní 1865, Gómìnà Glover rán Ọ̀gágun Maxwell láti Èkó, ó gba ọ̀nà igbó Ìjẹ̀bú wá láti kó wọn jáde. Àárẹ̀ ti mú Anna jù, òun ni wọ́n gbé lọ, ìmúra ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ sì ni. David dúró ti ilé àti àwọn ọmọ títí ó fi rí ọ̀nà lọ bá a ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé wọ́n tún padà wá. Ní 1869 ni wọ́n tó fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, Anna sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ní Tanke, ìṣọ́ òru máa ń tú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin yóò sin ẹni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dé ẹnu géètì, yóò kí i pé ó dàárọ̀, kò sì ní wọlé. Ó ṣeun. Ọ̀la tí ọmọbìnrin náà bá dùbúlẹ̀ àìsàn ńkọ́, ta ni yóò dáná?