Àwọn Ọmọ Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn

Púpọ̀ nínú wa ló dá wọn mọ̀ lójú, bí a ò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn. Ọ̀dọ́kùnrin méjì nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì, àmì dúdú pélébé tí wọ́n kọ orúkọ sí wà láyà wọn, báàgì wà lẹ́yìn wọn. Nígbà mìíràn, ọ̀dọ́bìnrin méjì ni. Wọ́n á tẹ aago ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sún sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ̀rù má baà ba onílé, wọ́n á sì dúró. Níhìn-ín ní Houston, mo mọ ilé tí wọ́n ti máa ń pa tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n bá ti yọjú lójú fèrèsé tí wọ́n rí wọn, tí gbogbo ilé á sì dákẹ́ rọ́rọ́ títí àwọn ọmọ náà á fi kọjá lọ.

Mọ́mọ́nì ni aráyé ń pè wọ́n. Orúkọ ìjọ wọn gan-an ni Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, ní 2018 sì ni Russell M. Nelson, tó jẹ́ ààrẹ ìjọ náà nígbà yẹn, rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀ ní kíkún.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ náà ni mo wà títí dòní. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ti wà nínú ìjọ tí mo ń wí yìí láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé ní Èkó, ọmọ wọn ọkùnrin sì ti ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì ọdún méjì parí ní Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Brasil. Ọjọ́ Ajé ló máa ń pe ilé. Ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń yọ̀ǹda fún wọn láti fọṣọ, láti ra oúnjẹ, kí wọ́n sì bá òbí wọn sọ̀rọ̀. Èmi náà máa ń wà nílé àbúrò mi bí aago yẹn bá ti ń lọ, nítorí èmi ni mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, torí pé ọ̀rọ̀ tí àwa àgbà máa ń sọ nípa àwọn ọmọ wọ̀nyí kò bá ẹrù tí wọ́n rù mu rárá.

Láti ọmọ ọdún 18 ni ọkùnrin ti lè lọ. 19 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dín in kù ní 2012. Oṣù 24 ni ọkùnrin ń lò, obìnrin ń lo oṣù 18. Kì í ṣe àwọn ọmọ ló ń yan ibi tí wọ́n ń lọ. Lẹ́tà á dé láti Salt Lake City, ìlú tó bá wà nínú rẹ̀ ni ọmọ á dì gbéra lọ, ì báà jẹ́ Gánà, ì báà jẹ́ Japan, ì báà jẹ́ ìlú kejì sí tirẹ̀. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Ọmọ àti òbí rẹ̀ ló ń dáwó: fún àwọn tó ti Amẹ́ríkà lọ, 500 dọ́là lóṣooṣù ni wọ́n gbé e sí ní 2020, iye kan náà fún ẹni tí wọ́n rán lọ síbi tí ọjà ti wọ́n gógó àti ẹni tí wọ́n rán lọ síbi tó dẹ̀. Ọmọ wa yìí ti ṣiṣẹ́ nílé ìtajà ní gbogbo ọlidé kó tó lọ, kí ó lè san nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́ èyí dáadáa.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni jíjí, aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ni iná gbọ́dọ̀ kú. Láàárín méjèèjì, wọ́n á ka Bíbélì àti Ìwé ti Mọ́mọ́nì, wọ́n á kọ́ èdè, wọ́n á sì bọ́ sígboro. Ìgboro Salvador kì í ṣe ibi tí à ń gun kẹ̀kẹ́ kiri. Orí òkè ni apá kan ìlú wà, ìsàlẹ̀ létí òkun ni apá kejì, àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn ló so àwọn àdúgbò pọ̀. Bàtà tí àbúrò mi rà fún un kí ó fi parí ọdún méjì ti lu láàárín ọdún kan.

Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí mo rò pé ó le jù ni ọ̀rọ̀ ẹnìkejì. Míṣọ́nnárì kì í dá rìn. Ẹni tí wọ́n bá so ọ́ pọ̀ mọ́ ni ẹ jọ ń jí, ẹ jọ ń jẹun, ẹ jọ ń gbàdúrà, ẹ jọ ń wọ bọ́ọ̀sì. Kò gbọdọ̀ lọ síbi tí ojú rẹ kò tó o, àfi balùwẹ̀. Ìwọ kọ́ lo yàn án, ìwọ kọ́ lo sì máa sọ ìgbà tí ẹ máa pínyà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni ìròyìn ìpààrọ̀ máa ń jáde, tí ọ̀kan lè di ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn tí èkejì á sì dúró de àlejò tuntun. Ẹnìkejì àkọ́kọ́ tí ọmọ wa ní jẹ́ ọmọ ìgbèríko Ceará, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ọmọ wa fi kọ́ èdè Potogí ní ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn ní São Paulo, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì yọ̀. Bí wọ́n bá ń se ẹ̀wà lálẹ́, ẹnìkejì á fọwọ́ kan ìkòkò, á dárúkọ rẹ̀, ọmọ wa á tún un pè. Ìdí ààrò yẹn ló ti kọ́ èdè náà ju inú ìwé lọ. Nígbà tí wọ́n pín wọn níyà, ó sunkún lórí fóònù, ìyá rẹ̀ náà sì sunkún.

Ẹni tó tẹ̀lé e jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì wọ̀. Wọ́n lè rìn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán láìsọ ju gbólóhùn méjì síra wọn. Ọjọ́ kan ló sọ fún mi pé, “Mọ́mì àgbà, bí ẹ bá bínú sí ẹnì kan, ẹ lè wọ yàrá yín kí ẹ tìlẹ̀kùn. Èmi ò ní yàrá tí mo lè wọ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Àwa tí a ti gbé inú ìgbéyàwó pẹ́ mọ̀ pé ó gba ọdún gbọọrọ kí ènìyàn tó mọ bí a ti ń bá ẹlòmíràn gbé yàrá kan láìjà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń kọ́ ọ, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún sì ni wọ́n.

Ẹ má rò pé lílé ni wọ́n ń lé wọn kiri ní Bahia. Àwọn ará ibẹ̀ kì í lé àlejò. Wọ́n á fún ọmọ wa lómi tútù, wọ́n á gbé kọfí kalẹ̀, òun á sì rọra kọ̀ ọ́, nítorí ìjọ wọn kì í mu kọfí tàbí tíì, ká má tíì sọ ọtí. Wọ́n á fetí sílẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà dùn, wọ́n á ní kí ó padà wá lọ́jọ́rú. Bó bá dé lọ́jọ́rú, ilẹ̀kùn á wà ní títì. Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ á dúró níwájú ilé ìjọsìn, wọ́n á máa wo òpópó, wọ́n á máa dárúkọ àwọn tó ti ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀. Orin á bẹ̀rẹ̀, wọn kò ní rí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ajé kejì, ohùn rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì ti mọ̀ kó tó sọ ohunkóhun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ayọ̀ ń dé. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí àmì tó ń lẹ̀ máyà, orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé. Àwọn obìnrin aláṣọ funfun tó ń din àkàrà nínú epo pupa létí títì, èyí tí wọ́n ń pè ní acarajé lọ́hùn-ún, á rí orúkọ náà, wọ́n á pè é padà. Ṣé ọmọ Nàìjíríà ni? Ṣé ọmọ Kétu ni? Ẹ rántí pé ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa lọ lẹ́rú, àwọn ọmọ wọn sì pa òrìṣà mọ́ nínú ẹ̀sìn Candomblé títí dòní. Ní àdúgbò Liberdade, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ ilé òrìṣà máa ń fi wọ́n jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò ṣèlérí pé òun máa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kò sì wá. Ohun tí ó fẹ́ ni kí ọmọ Yorùbá sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí òun ń kọ lórin láti kékeré fún òun. Ọmọ tí a bí ní Texas kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ajé, á bi ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á bi mí, nígbà mìíràn a ó pe bàbá ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò tíì fẹ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa rí tó bẹ́ẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ilé tí òun wọ̀ ní Bahia, ilé ìyá yẹn ni ọkàn òun ti balẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìrìbọmi kankan tó ti ibẹ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ tó gbóná jù lọ wáyé ní Curuzu, níbi tí wọ́n ti dá Ilê Aiyê, ẹgbẹ́ olórin àwọn aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní 1974. Ọ̀dọ́kùnrin kan bi í lójú àwọn ènìyàn pé báwo ni aláwọ̀ dúdú ṣe lè máa wàásù ìjọ tí kò jẹ́ kí irú rẹ̀ di àlùfáà. Òótọ́ sì ni. Láti ìgbà Brigham Young, ààrẹ ìjọ náà tó kéde ìdènà náà ní 1852, ni ìjọ náà ti fi oyè àlùfáà du àwọn ọmọ Áfíríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi ọkùnrin dúdú kan, Elijah Abel, joyè náà ní 1836, òun náà sì ti ṣe míṣọ́nnárì. Òkúdù 1978 ni Ààrẹ Spencer W. Kimball fòpin sí ìdènà náà. Ní Brasil, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti nira gan-an: Helvécio Martins, ọmọ ìjọ náà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àti aya rẹ̀ ń sa gbogbo ipá fún tẹ́ńpìlì São Paulo nígbà tí wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní lè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà là, Marcus ọmọ wọn sún ìgbéyàwó rẹ̀ síwájú kí ó lè lọ ṣe míṣọ́nnárì. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Bélú, wọ́n ri Anthony Obinna àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bọmi ní ilẹ̀ Ìgbò, ènìyàn 19 lápapọ̀.

Ọmọ wa kò sá fún ìbéèrè náà. Ó ní òótọ́ ni, ó dun òun, òun sì tún gbàgbọ́. Ní tèmi, kò sí àlàyé kan fún ìdènà yẹn tó bá ọ̀nà Ọlọ́run mu, ìjọ náà fúnra rẹ̀ sì ti kọ àwọn àlàyé àtijọ́ náà sílẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lè dúró lójú títì nílẹ̀ àjèjì, tí ó jẹ́wọ́ òtítọ́ tó korò nípa ilé tirẹ̀ láìbú ẹnikẹ́ni, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Bàbá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde kú kí ọmọ wa tó dé. Òun ni àkọ́bí lára àwọn ọmọ-ọmọ, kò sì sí níbi ìsìnkú. Àwọn kan nínú ẹbí bínú sí àbúrò mi gidigidi lórí èyí. Wọ́n gbà á láàyè láti wo ìsìn náà lórí fóònù, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bó bá jẹ́ ṣáájú Èrèlè 2019 ni, ìgbà Kérésìmesì àti Ọjọ́ Ìyá nìkan ni irú wọn lè pe ilé. Mo máa ń ronú nípa àwọn ìyá tó fara da ìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń parí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí òun àti ọmọ wa jọ gbé kò lè sùn mọ́, ẹkún kò sì dá lójú rẹ̀. Wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé. Àárẹ̀ ọkàn ni, dókítà sì ló yẹ kó tọ́jú rẹ̀. Nílùú wa níhìn-ín náà, ọmọbìnrin ilé Yorùbá kan padà dé ṣáájú oṣù 18. Níbi ìnáwó tí a ti jọ pàdé, àgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bi í, lójú gbogbo ènìyàn, pé kí ló ṣe tí wọ́n fi lé e. Kò sẹ́ni tó lé e. Ara rẹ̀ ni kò yá. Mo rí bí ó ti gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ láìfọwọ́ kàn án tí ó sì jáde lọ jókòó nínú mọ́tò. Ohun tí a ṣe sí ọmọ yẹn kò dára.

Ẹ̀yin ará mi, kò pọn dandan kí ẹ gba ẹ̀kọ́ wọn. Èmi náà kò gbà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kàn yín, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹ fún wọn lómi tútù tàbí ọsàn. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ ìwàásù, ẹ sọ ọ́ fún wọn tìfẹ́tìfẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé kí wọ́n padà wá lọ́jọ́rú. Ẹ bi wọ́n ní ìlú tí wọ́n ti wá àti bí ìyá wọn ti ń ṣe sí. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa bá sì padà sílé kí oṣù rẹ̀ tó pé, ẹ jẹ́ kí a kí i káàbọ̀, kí a bu oúnjẹ fún un, kí a má sì bi í ní ìdí.