Ìjàpá Kan ní Ọ̀fà

Àlejò tó bá dé Ọ̀fà Ìyẹ̀rú Ọ̀kín a máa béèrè ibùdó ọkọ̀ ojú irin àti ìtàn ìjàkadì. Èmi kọrí sí àgbàlá ẹ̀gbọ́n bàbá mi, níbi tí ìjàkadì mìíràn ti ń lọ lábẹ́ igi máńgòrò. Volkswagen àtijọ́ ni, èyí tí a ń pè ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Èkó láti ọdún 1975.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó ń ra àlòkù irin ti wá. Bàbá kò tà á. Òun ni wọ́n fi gbé Màmá, aya wọn tó ti di olóògbé, wá sílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nílẹ̀. Bóòtù ni a fi dè wọ́n, nítorí náà onílé lè fọwọ́ ara rẹ̀ tú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá ká kápẹ́ẹ̀tì, ìka wọn wọ inú ilẹ̀ ọkọ̀ lọ. Irin ti dógùn-ún.

“Bàbá, ẹ fi bọ́dífílà dí i, kí ẹ kùn ún.”

“A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ọmọ mi. Bọ́dífílà kò pa ìpẹtà. Ó kàn bò ó ni, á sì máa jẹ irin lọ lábẹ́lẹ̀.”

Wọ́n pe wẹ́dà. Ó gé ibi tó ti jẹrà títí ó fi kan irin tó dán, ó jó irin tuntun mọ́ ọn, Bàbá sì fi ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà kùn ún.

Nígbà tí mo ń padà, ìjàpá náà kò tíì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ yóò rí ilẹ̀ tẹ̀.