Ẹjọ́ Tí Etí Ti Dá Tán

"Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà." Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ Dókítà Sam Sheppard ní Amẹ́ríkà ni ó là mí lójú sí ìjìnlẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, 1954, a pa Marilyn aya rẹ̀ sínú ilé wọn nítòsí Cleveland. Kí ẹjọ́ tó dé kóòtù ni ìwé ìròyìn ti ń béèrè ìdí tí a kò fi ti dókítà mọ́lé. Wọ́n tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tí a ó ti yan júrì jáde. Ni lẹ́tà bá ń wọlé tọ̀ wọ́n. Nínú àwọn ará ìlú 12 tí a yàn láti dá ẹjọ́ náà, ẹnìkan ṣoṣo ni kò jẹ́wọ́ pé òun ti kà tàbí gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi. Ní 1966, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìgbẹ́jọ́ náà kò tọ́. Nígbà tí a tún un gbọ́, a dá a sílẹ̀.

Mo rántí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo nà nítorí owó tí ó sọnù. Gbogbo yàrá olùkọ́ ni ó ti ní òun ni olè. Ní ọjọ́ kẹta, a rí owó náà nínú ìwé. Mo ti rò pé ẹnu púpọ̀ ni mo gbọ́. Àṣé ẹgbẹ̀rún ẹnu tí ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnìkan ni.