Àdán tó ń dúró de ọba ní Accra

Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú ní ilé ìwòsàn àwọn ológun tí a mọ̀ sí 37, ní Accra, orílẹ̀-èdè Gánà, àdán a bo ojú ọ̀run. Ọdún 1941 ni a dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀. Àwọn ará ìlú ní ọba kan tó kú síbẹ̀ ni àwọn àdán náà tẹ̀ lé wá, wọ́n sì ń dúró dè é. Ìtàn nìyẹn o! Èso ni wọ́n ń jẹ, àwọn ni wọ́n sì ń gbé hóró ìrókò kiri. Síbẹ̀, àwọn ọdẹ Gánà ń pa wọ́n tà lọ́jà. Bí wọ́n bá pa wọ́n tán, ta ni yóò gbin ìrókò? Bí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ wọn a ṣí lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá padà, wọn a tún dorí kodò lórí igi, wọn a máa wòṣe ẹyẹ.